Lẹ́tà Tí Abíálà Bá Mi Kọ

Abíálà, jókòó. Gbé bébà sórí àpótí.
Faransé ni kí o fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí mo bá wí ni kí o kọ.
Kọ́kọ́ kí wọn, àwọn ará Kútọnu tó ta ọkọ̀ fún mi.
Má tíì dárúkọ owó. Èèyàn kì í wọlé onílé
kó kọ́kọ́ ṣí ìkòkò ọbẹ̀.

Ní èmi Mọńjísọ́lá, agbẹ̀bí,
ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbẹ̀bí ní Kétu.
Owó ìfẹ̀yìntì ni mo kó jọ ra ọkọ̀ yẹn,
tuntun, ọ̀rá ṣì wà lára àga rẹ̀.
N kò ra àlòkù tí wọ́n ń já sílẹ̀ létí òkun.
Kí ló mú mi san ìlọ́po mẹ́ta?
Ìwé pélébé kan ni. Garantí.
Mùsé Hunsù ní, “Màmá, ọdún mẹ́ta gbáko, àwa ni onígbọ̀wọ́ rẹ̀.”
Mo mọ onígbọ̀wọ́. Bàbá mi ṣe é rí fún ajigbèsè kan.
Ebi pa wá fún ọdún méjì lórí gbèsè ẹlẹ́gbèsè,
bàbá mi kò sì ka ọjọ́.

O ti kọ ọ́? Kí ló dé tó kúrú báyìí?
Mo sọ ìlà mẹ́wàá, o fún un mọ́ ẹyọ kan.
Ó ní, “Ìyá àgbà, bí Faransé ṣe rí nìyẹn.”
Ó dáa. Tẹ̀ síwájú.

Sọ ti ariwo náà fún wọn.
Ọyẹ́ ṣì ń jà, mo wà lójú ọ̀nà Pobẹ́,
bí mo bá ti fẹ́ yí jíà sí ẹlẹ́ẹ̀kẹta,
á máa ró kìrì-kìrì bí ọmọdé tó ń payín keke lójú oorun.
Mo gbé e lọ bá wọn. Garantí ṣì ń mí nígbà náà,
ó ku oṣù mẹ́rin.
Wọ́n wà á yí ọgbà ká lẹ́ẹ̀kan péré,
wọ́n ní, “Kò sí nǹkan kan. Yóò mọ́ ọn lára.”
Bí aboyún bá wá sọ pé inú ń run òun,
tí mo ní yóò mọ́ ọn lára,
ọwọ́ ta ni ẹ̀jẹ̀ yóò wà?
Fi ìyẹn sí i. Má yọ ọ́.

Ọjọ́ kọkàndínlógún lẹ́yìn tí ìwé kú,
ọkọ̀ kọ̀ jálẹ̀ níwájú Àkàbà Ìdẹ́nà.
Ó ń lọ síwájú, kò le padà sẹ́yìn.
Àwọn ọmọ iléèwé ló bá mi tì í, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.
Láṣíìsì tú u, ó bu ọ́ìlì dúdú sí àtẹ́lẹwọ́ mi:
irin wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀, ó ń dán bí ìpẹ́ ẹja.
Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ti tísà Pobẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ti Sakété,
ọkọ̀ kan náà, ọdún kan náà, àìsàn kan náà.
Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin sẹfà.
Mo jókòó sórí táyà.

N kò tọrọ. N kò sì jiyàn pé ìwé kò kú.
Mo ní nígbà tó wà láàyè, mo ké sí i,
kò jẹ́ mi.
Ẹní bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.
Ó tán. Mú bírò wá kí n fọwọ́ sí i.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá kí èsì tó dé, ìlà mẹ́rin.
Àwọn yóò fún mi ní irin jíà lọ́fẹ̀ẹ́,
owó iṣẹ́ ọwọ́ di tèmi.
“Àánú” wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì,
“ẹ̀bi” kò sí níbẹ̀ rárá.
Láṣíìsì ní kí n fi iṣu mẹ́wàá ṣe owó òun.
Èmi ni mo gbẹ̀bí rẹ̀. Ẹsẹ̀ ló fi wáyé;
ta ló tún le mọ jíà ẹ̀yìn jù ú lọ?

Lánàá mo fi ẹ̀yìn wọ ọgbà, wọ́ọ́rọ́wọ́.
Abíálà ló ń darí mi: “Máa bọ̀, máa bọ̀.”
Mo pa ẹ́ńjìnnì. Mo yọjú sí i lójú fèrèsé.
Abíálà, ti aboyún yẹn,
ṣé o kọ ọ́ sí i?

Ó ń wo táyà.